Ilé là á wò: ọ̀rọ̀ lórí etí erin inú ìkòkò wa

Ẹ̀yin akẹgbẹ́ mi, ẹ̀yin àgbà tó ti jáde ní ẹ̀ka wa, mi ò ní fi igbá kan bọ̀kan nínú: omi la fi ń pa etí erin wa, mo sì gbà pé orúkọ tí a ń pè é wà lára ohun tó fà á.

Ẹ wo ojú fèrèsé yàrá àwa akẹ́kọ̀ọ́ ní Òṣogbo. Ẹni tí kò ní aloe vera nínú ike ọ̀dà, ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní in. Ẹ̀bá títì la ti máa ń rà á. Tó bá fi máa di oṣù Agẹmọ, ìdí rẹ̀ á ti rà, ewé rẹ̀ á ti rọ̀ bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó pọ́n jù. Ẹni tó ni ín á ní òun ò mọ ohun tó ṣe é, òun kúkú ń bomi rin ín láràárọ̀. Omi àràárọ̀ yẹn gan-an ló pa á.

Ilẹ̀ Lárúbáwá ni ewéko yìí ti wá, lápá Oman àti Saudi Arabia, níbi tí òjò ti ṣọ̀wọ́n. Inú ewé ló ń kó omi tirẹ̀ pamọ́ sí. Kódà, àwọn ihò wíntínwíntín tí ewéko fi ń mí, alẹ́ ni tirẹ̀ ń ṣí, kí oòrùn má baà fa omi ara rẹ̀ gbẹ. Ṣùgbọ́n lọ́dọ̀ wa, láti Òṣogbo dé Iléṣà, òjò á bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí oṣù Ẹrẹ́nà, ó di Ọ̀wàrà kó tó palẹ̀ mọ́, ó sì ń ju mílímítà 1,000 lọ lọ́dún. Lórí gbogbo ìyẹn la tún ń bu omi.

Níbo wá ni orúkọ ti wọ ọ̀rọ̀? Etí erin, tàbí ahọ́n erin, kì í ṣe aloe vera nìkan là ń pè bẹ́ẹ̀. Ó ní àwọn ìbátan tó jẹ́ ọmọ onílẹ̀ ní Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, bí Aloe buettneri, tó ń hù nínú pápá láìsí ẹni tó gbìn ín, tó sì mọ òjò wa dunjú. Onílẹ̀ àti àlejò ń jẹ́ orúkọ kan náà. Bẹ́ẹ̀, ilé là á wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Ẹ wo ọ̀pẹ òyìnbó. Kì í ṣe òyìnbó ló ni ín o, Gúúsù Amẹ́ríkà ló ti wá, òyìnbó kàn gbé e kiri ni. Síbẹ̀, orúkọ yẹn ò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni lọ dá ẹmu lára rẹ̀. “Vera” ní tirẹ̀, èdè Látìn ni, “òótọ́” ló túmọ̀ sí. Orúkọ tó ń yin ara rẹ̀, tí kò sọ ibi tó ti wá!

Etí erin aṣálẹ̀ ni kí a máa pè é. Àwọn kan ní kíláàsì wa á ní orúkọ ò yí ìwà ewéko padà. Lóòótọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹni tó bá gbọ́ “aṣálẹ̀” á rò ó lẹ́ẹ̀mejì kó tó gbé ife omi. Nínú èdè wa, tí wọ́n bá ní kí o tọ́jú àlejò, oúnjẹ àti omi lo máa kọ́kọ́ gbé síwájú rẹ̀. Àlejò yìí yàtọ̀.

Yèyé mi ní Iléṣà mọ èyí láìka ìwé kankan. Inú abọ́ ìfọṣọ àtijọ́ tó ti lu ló gbin tirẹ̀ sí, yanrìn sì pọ̀ nínú ilẹ̀ rẹ̀. Tí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀, á wọ́ ọ sábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀, kò sì ní fún un lómi mọ́. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, á ti ìka bọ ilẹ̀ náà. Tó bá gbẹ dé ìsàlẹ̀ nìkan ni á bomi sí i. Ó ní kì í ṣe ẹ̀fọ́. Tó bá bí ọmọ létí, á yọ ọ́, á fi sílẹ̀ fún ọjọ́ kan tàbí méjì kí ojú ọgbẹ́ rẹ̀ gbẹ, kó tó gbìn ín. (Ẹ̀yin tí ẹ ń já ewé rẹ̀ gbìn, jíjẹrà ló máa ń jẹrà.) Ọ̀dọ̀ Yèyé ni mo ti kọ́kọ́ rí òdòdó rẹ̀: igi tẹ́ẹ́rẹ́ kan yọ láàárín ewé, òdòdó aláwọ̀ ìyeyè rọ̀ mọ́ ọn, gbogbo wọn dorí kodò.

Ọ̀rọ̀ mímu rẹ̀ ńkọ́? Àwọn kan ń lọ̀ ọ́ tèèpotèèpo mu ní họ́sítẹ́ẹ̀lì, kí ikùn lè wọlé. Oje kíkorò tó ní àwọ̀ ìyeyè lábẹ́ èèpo yẹn yàtọ̀ sí èyí tó ń yọ̀ láàárín ewé; ìgbẹ́ gbuuru ló ń fà. Ní ọdún 2002, àjọ FDA ti Amẹ́ríkà ní kí wọ́n kó àwọn oògùn ìyàgbẹ́ tí wọ́n fi í ṣe kúrò lára èyí tí ènìyàn lè rà láìsí ìwé dókítà, torí pé àwọn tó ń ṣe é kò mú ẹ̀rí tó tó wá pé kò léwu. Ẹ fi sílẹ̀ sójú fèrèsé.

Bí ẹnikẹ́ni bá ní orúkọ tó dára ju etí erin aṣálẹ̀ lọ, kó kọ ọ́ ránṣẹ́ sí ìwé ìròyìn wa. Ti Yèyé sì ti bí ọmọ mẹ́rin báyìí. Ẹni tó bá fẹ́ níbẹ̀, kó mú yanrìn tirẹ̀ wá.