Látìnì àti Gíríìkì Nínú Orúkọ Èròjà Kẹ́mísírì: Iṣẹ́ Olùkọ́ Yorùbá

Boribana ni orúkọ àdúgbò kan ní Attécoubé, nílùú Abidjan, létí ọ̀sà Ébrié. Létí ẹni tí kò gbọ́ èdè Júlà, ìró lásán ni. Ẹni tí ó gbọ́ Júlà mọ̀ pé 'eré sísá ti dópin' ni orúkọ náà túmọ̀ sí. Wọ́n ti wó ọ̀pọ̀ ilé níbẹ̀ nítorí iṣẹ́ afárá kẹrin Abidjan, ṣùgbọ́n orúkọ kò bá ilé wó. Bákan náà ni àwọn àmì tí akẹ́kọ̀ọ́ ń há sórí nínú ẹ̀kọ́ kẹ́mísírì: ìró lásán ni wọ́n títí ẹnìkan yóò fi sọ ìtumọ̀ wọn.

Ọmọ Yorùbá tí ó wà ní Abidjan ń fi Faransé kọ́ ẹ̀kọ́ yìí. Gẹ̀ẹ́sì ni ìbátan rẹ̀ ní Èjìgbò fi ń kọ́ ọ. 'Fer' ni ti àkọ́kọ́ ń pe irin, 'iron' ni ti èkejì ń pè é, àwọn méjèèjì sì ń kọ Fe. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá béèrè ìdí rẹ̀, 'há a sórí' kọ́ ni ó yẹ kí ó jẹ́ èsì. Ní ọdún 1813 ni Jöns Jacob Berzelius, ará Súwídìn, dábàá pé kí lẹ́tà àkọ́kọ́ orúkọ Látìnì jẹ́ àmì èròjà kọ̀ọ̀kan, kí a fi lẹ́tà mìíràn kún un bí méjì bá fẹ́ jọra. Báyìí ni ferrum ṣe di Fe, aurum di Au, argentum di Ag, plumbum di Pb. Berzelius kò fi èdè ìyá rẹ̀ ṣe é. Gẹ̀ẹ́sì kọ́ ni ó ni àwọn àmì náà, Faransé náà kọ́.

Ìtumọ̀ àwọn orúkọ yìí kò jìnnà sí bí Yorùbá ṣe ń sọ nǹkan lórúkọ. Hydrargyrum, tí a ti rí Hg, ni 'fàdákà olómi' ní èdè Gíríìkì. Háídrójìn ni 'olùbí omi'. Ọ́ksíjìn ni 'olùbí ohun kíkan', nítorí Lavoisier gbà pé gbogbo ásíìdì ni ó ní in nínú. Èrò náà kò tọ̀nà, ṣùgbọ́n orúkọ ti mọ́ ọn lára. K wá láti inú kalium, tí orírun rẹ̀ jẹ́ ọ̀rọ̀ Lárúbáwá fún eérú ewéko. Àwọn ìyá tí ń fi eérú èèpo kòkó se ọṣẹ dúdú ń fi èròjà yìí ṣiṣẹ́ láìtíì gbọ́ orúkọ Látìnì rẹ̀ rí.

Ibi tí ewu wà ni ọ̀rọ̀ àyálò. Yorùbá ní irin, bàbà, wúrà, fàdákà àti òjé; kò sí ìdí láti pa wọ́n tì. Ṣùgbọ́n bí olúkúlùkù bá ń yá ìyókù bí ó ṣe gbọ́ ọ, náítrójìn ni Ìbàdàn yóò kọ, àsọ́ọ̀tì ni Àjàṣẹ́ àti Abidjan yóò kọ, nítorí 'azote', 'aláìlẹ́mìí', ni Faransé ń pè é. Ìwé tí a kọ fún ọmọ Yorùbá kan yóò wá di àjèjì lọ́wọ́ èkejì. Ọ̀nà àbáyọ ni kí a yá orúkọ láti orírun tí àmì rẹ̀ ti wá: náítrójìn fún N, nátríọ̀mù fún Na, kálíọ̀mù fún K. Jámánì ń pe Na àti K ní Natrium àti Kalium títí di òní, ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì wọn kò sì rẹ̀yìn nítorí rẹ̀.

Àwọn kan lè sọ pé iṣẹ́ olùkọ́ kẹ́mísírì nìyí. Olùkọ́ kẹ́mísírì ń kọ́ni ní ìwà èròjà. Ìṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ àti ọ̀rọ̀ àyálò jẹ́ iṣẹ́ olùkọ́ èdè. Ètò Ilé-Ifẹ̀ tí Babs Fafunwa àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní 1970 fi hàn pé ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lè fi Yorùbá kọ́ sáyẹ́ǹsì. Ní 2016, nihonium, tí a fà yọ láti inú orúkọ tí àwọn ará Japan ń pe ilẹ̀ wọn, wọ inú àtẹ èròjà tí gbogbo ayé ń lò. Èdè tí kì í ṣe Látìnì tàbí Gíríìkì náà ń wọlé.

Ẹ̀kọ́ kan ṣoṣo tó láti fi bẹ̀rẹ̀: kí olùkọ́ kọ Fe, Cu, Au, Ag àti Pb sójú pátákó, kí ó kọ orúkọ Látìnì sí apá kan, orúkọ Yorùbá sí apá kejì. Akẹ́kọ̀ọ́ yóò rí i pé èdè òun kì í ṣe àlejò nínú ẹ̀kọ́ náà.