Kí Olúkúlùkù Bẹ̀rẹ̀ Níbi Tí Agbára Rẹ̀ Mọ

Àtàrí àjànàkú kì í ṣe ẹrù ọmọdé. Òwe yìí ni ó wá sí wa lọ́kàn bí a ti ń ronú lórí ọ̀nà tí a ń gbà kọ́ àwọn ènìyàn ní ijó ikùn, ijó àwọn ará Íjíbítì tí ó ti tàn ká gbogbo ayé. Ó ṣeé ṣe kí òǹkàwé wa kan béèrè pé kí ni ó kàn wá nínú ijó àwọn ará Káírò. Ìdáhùn wa ni pé ó kàn wá, nítorí pé ọ̀rọ̀ ẹ̀kọ́ ni. Ohun tí ó ń bá ijó yìí jà lónìí ni ó lè bá iṣẹ́ ọwọ́ gbogbo jà, bí iṣẹ́ náà bá ti kúrò lọ́wọ́ ìdílé tí ó bọ́ sí ọwọ́ ọjà.

Àwọn ará Íjíbítì kò pe ijó wọn ní ijó ikùn. Raqs sharqi ni wọ́n ń pè é, èyí tí ìtumọ̀ rẹ̀ jẹ́ ijó Ìlà-Oòrùn. Àwọn Faransé ni ó fi orúkọ ikùn pè é, àwọn ará Amẹ́ríkà sì gba orúkọ náà lẹ́nu wọn nígbà ìpàtẹ ńlá tí a ṣe ní Chicago ní 1893. Orúkọ yìí ti ṣi ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn lọ́nà. Ìbàdí ni ó ń ṣiṣẹ́ jùlọ nínú ijó náà. Àyà, èjìká àti ọwọ́ ni ó sì ń gbè é. Ọgbọ́n tí ó wà níbẹ̀ ni pé kí apá kan nínú ara máa mì nígbà tí àwọn apá ìyókù dúró jẹ́ẹ́. Ẹni tí ó bá rò pé gbígbọn ikùn nìkan ni, kò tíì rí i kí ẹni tí ó mọ̀ ọ́n jó o.

Ní ayé àtijọ́, oríṣi méjì ni àwọn obìnrin tí ń fi orin àti ijó ṣe iṣẹ́ ní ilẹ̀ náà. Àwọn awalim ń ṣe tiwọn nínú ilé àwọn ọlọ́lá, láàárín àwọn obìnrin ilé. Àwọn ghawazi ń jó ní ìgboro àti níbi ayẹyẹ. Ẹ̀yin olùkọ́ wa, ẹ fi etí sí èyí: ìtumọ̀ awalim ni àwọn obìnrin onímọ̀. Orísun kan náà nínú èdè Lárúbáwá ni orúkọ Àlímì tí gbogbo wa mọ̀ ní Ìlọrin ti wá. Ẹni tí ó fún wọn ní orúkọ yẹn mọ̀ dájú pé a kì í bí iṣẹ́ wọn mọ́ ènìyàn. A ń kọ́ ọ ni.

Báwo ni a ti ń kọ́ ọ? Nínú ìdílé àwọn ghawazi, irú bí ìdílé Mazin tí ó lókìkí ní Luxor, ọ̀dọ̀ àwọn àgbà obìnrin ilé ni ọmọbìnrin ti ń kọ́ ijó. Ojoojúmọ́ ni olùkọ́ ń rí akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀. Ó mọ ìgbà tí orúnkún ọmọ ti le tó, ó mọ ìgbà tí etí rẹ̀ ti gbọ́ ìlù yé, kò sì ní mú un jáde sí gbangba kí àkókò tó tó. Kò sí ẹni tí ó nílò láti béèrè pé kíláàsì wo ni ọmọ náà wà, nítorí ojú àgbà ni òṣùwọ̀n.

Nígbà tí ayé yí padà, ibi ìkọ́ṣẹ́ náà yí padà. Badia Masabni, obìnrin ọmọ ilẹ̀ Síríà, ṣí gbọ̀ngàn eré sí Káírò ní 1926. Lábẹ́ rẹ̀ ni Tahia Carioca àti Samia Gamal, tí sinimá sọ di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká, ti dàgbà nínú iṣẹ́. Ní 1959, Mahmoud Reda àti Farida Fahmy pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn dá ẹgbẹ́ oníjó Reda sílẹ̀. Ijó ìbílẹ̀ àwọn ẹkùn Íjíbítì ni ẹgbẹ́ yìí gbé sórí ìtàgé, kì í ṣe ijó ikùn gan-an; ṣùgbọ́n ọ̀nà tí wọ́n fi ń kọ́ ara wọn lẹ́kọ̀ọ́, pẹ̀lú ètò àti ìlànà, wọ inú gbogbo ijó ilẹ̀ náà. Síbẹ̀, nínú gbọ̀ngàn Badia àti nínú ẹgbẹ́ Reda, ọ̀gá ṣì mọ ọmọ iṣẹ́ rẹ̀.

Ọ̀tọ̀ ni ti àsìkò yìí. Ní ọdún 2000, Raqia Hassan, tí ó ti bá ẹgbẹ́ Reda jó rí, bẹ̀rẹ̀ àpéjọ kan ní Káírò tí ó pè ní Ahlan wa Sahlan, èyíinì ni Ẹ Káàbọ̀. Àwọn obìnrin láti Japan, Rọ́ṣíà, Amẹ́ríkà àti Bràsíìlì ń wá síbẹ̀ láti kọ́ ijó lẹ́sẹ̀ àwọn ọ̀gá. Irú àpéjọ bẹ́ẹ̀ ti pọ̀ ní ìlú ńlá gbogbo. Àwọn ọ̀gá ń rìnrìn àjò, wọ́n ń kọ́ ènìyàn fún wákàtí méjì tàbí mẹ́ta, wọ́n sì ń kọjá lọ sí ìlú mìíràn. A kò rí àbùkù nínú èyí. Ó ti fún àwọn ọ̀gá oníjó ní oúnjẹ òòjọ́ lẹ́yìn ìgbà tí wọ́n fi ìtàgé sílẹ̀, ó sì ti mú kí iṣẹ́ tí kì bá parun máa gbilẹ̀ sí i.

Ṣùgbọ́n níbi tí ìṣòro wà nìyí. Ọ̀gá tí ó wọ gbọ̀ngàn ní àárọ̀ tí yóò jáde ní ọ̀sán kò mọ ẹnikẹ́ni nínú àwọn tí ó dúró níwájú rẹ̀. Obìnrin kan ti jó fún ogún ọdún. Èkejì ṣẹ̀ṣẹ̀ ra bàtà ijó ní àná. Owó kan náà ni wọ́n san. Bí ọ̀gá bá sọ̀rọ̀ dé ibi tí ẹni àkọ́kọ́ wà, èkejì yóò máa sáré tẹ̀lé e láìmọ ohun tí ó ń ṣe, yóò máa fi ẹ̀yìn àti orúnkún ṣe iṣẹ́ tí ó yẹ kí iṣan ikùn àti itan ṣe, yóò sì gbé ìrora lọ sílé. Bí ó bá sọ̀rọ̀ dé ibi tí èkejì wà, ẹni àkọ́kọ́ yóò sọ pé a jẹ òun lówó. Ohun tí ó wọ́pọ̀ nígbà náà ni pé ọ̀gá yóò kàn kọ́ gbogbo wọn ní ijó kan tí a ti tò lẹ́sẹẹsẹ, kí olúkúlùkù lè rí nǹkan mú lọ sílé. Wọ́n ti kọ́ ijó kan. Wọn kò kọ́ ijó jíjó.

Nítorí náà, a fara mọ́ àwọn tí ń pín àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sí ìpele mẹ́ta, bí wọ́n bá pín wọn pẹ̀lú òtítọ́. Ní ìpele àwọn ọ̀gbẹ̀rì, ìdúró ni kí a kọ́kọ́ kọ́: kí orúnkún rọ̀, kí àyà gbé sókè, kí ẹ̀yìn má ṣe tẹ̀ kọdọrọ. Lẹ́yìn èyí ni kí a kọ́ bí ìbàdí ti ń sọ̀ kalẹ̀, bí ó ti ń yí, àti bí ó ti ń gbọ̀n. Kí wọ́n sì kọ́ láti gbọ́ ìlù. Ìlù tabla ní ohùn méjì pàtàkì: dum, tí ó jinlẹ̀, láti àárín awọ, àti tek, tí ó mú, láti etí rẹ̀. Ẹni tí kò bá lè yà wọ́n sọ́tọ̀ kò tíì lè jó.

Ní ìpele àárín, kí akẹ́kọ̀ọ́ máa rìn nígbà tí ìbàdí rẹ̀ ń gbọ̀n. Kí ó máa lu sagat, àwọn àwo idẹ kékeré tí a ń so mọ́ ìka, láìjẹ́ pé ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣì í. Ní ìpele àwọn tí ó ti gòkè, kí a gbé ìwé tì, kí onílù jókòó, kí oníjó fi ara rẹ̀ dá ohun èlò lóhùn bí ó ti ń gbọ́ ọ lójú ẹsẹ̀, ohun tí ẹnikẹ́ni kò tò sílẹ̀ fún un. Ibẹ̀ ni ọlá ijó yìí wà. Bẹ́ẹ̀ ni kò sí ẹni tí ó lè fò débẹ̀ láìgba ọ̀nà méjì ìṣáájú kọjá.

Àwọn kan ń sọ pé irú ìpín bẹ́ẹ̀ ń dójú ti àwọn tí ó wà nísàlẹ̀, pé ayọ̀ ni ijó, kí a jẹ́ kí gbogbo ènìyàn jó pọ̀. A kò fi ọwọ́ rọ́ ọ̀rọ̀ wọn sẹ́yìn. Ní ilé ìgbéyàwó ní Íjíbítì, ìyá àgbà àti ọmọ-ọmọ rẹ̀ jọ ń jó, kò sí ẹni tí ń ṣe ìdánwò fún wọn. Olùkọ́ tí ó bá gbọ́n pàápàá lè kó gbogbo ìpele sínú gbọ̀ngàn kan: kí ọ̀gbẹ̀rì ṣe ìgbésẹ̀ náà lójú kan, kí ẹni àárín máa fi rìn, kí ẹni tí ó gòkè fi ọwọ́ àti sagat kún un. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ńlá ni èyí, kì í sì í ṣe gbogbo ẹni tí ó mọ ijó ni ó mọ̀ ọ́n kọ́. Ohun tí ń dójú ti ọ̀gbẹ̀rì ni kí a gba owó rẹ̀, kí a sì fi í sílẹ̀ ní ẹ̀yìn gbọ̀ngàn láìsí ẹni tí ó wò ó.

Ìmọ̀ràn wa kò pọ̀. Èkíní, kí àwọn tí ń pe àpéjọ má ṣe kọ “ọ̀gbẹ̀rì” tàbí “ọ̀jáfáfá” lásán sórí ìwé ìkéde wọn. Kí wọ́n kọ ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́dọ̀ lè ṣe kí ó tó wọlé, nítorí iye ọdún tí ènìyàn ti lò kọ́ ni òṣùwọ̀n. Àwọn kan wà tí wọ́n ti fi ọdún mẹ́wàá tún àṣìṣe kan náà ṣe. À ń pe gbẹ́nàgbẹ́nà, ẹni gbẹ́gilódò ń yọjú. Èkejì, kí a má ṣe fi ìwé-ẹ̀rí ọjọ́ mẹ́ta sọ ẹnikẹ́ni di olùkọ́. Ẹ̀kẹta, kí a fi olùkọ́ tí ó dára jùlọ sí ọ̀dọ̀ àwọn ọ̀gbẹ̀rì. Àṣà tí a ń bá kiri ni pé ọ̀gá a máa kọ́ àwọn tí ó ti mọ̀ ọ́n, ọmọ ẹ̀yìn ọ̀gá a sì máa kọ́ àwọn tí kò mọ nǹkan kan. Ẹ̀yin tí ẹ ti dúró níwájú kíláàsì kìn-ín-ní rí, ẹ mọ̀ pé ibẹ̀ ni iṣẹ́ ti le jùlọ, àti pé ohun tí a bá bàjẹ́ níbẹ̀, ọ̀jọ̀gbọ́n mẹ́wàá kò ní rọrùn fún láti tún ṣe.

A ní ọ̀rọ̀ kan fún àwọn tí ń ṣe ìjọba pẹ̀lú. Ní 1834, Muhammad Ali Paṣa lé àwọn ghawazi kúrò ní Káírò lọ sí ìhà òkè Náílì. Ijó náà kò kú. Ní 2003, ìjọba Íjíbítì sọ pé òun kò ní fún àwọn àjèjì oníjó ní ìwé àṣẹ mọ́, kí iṣẹ́ lè kù fún àwọn ọmọ onílẹ̀. Ní 2004 wọ́n yí ọ̀rọ̀ náà padà. Òfin lè lé oníjó kúrò nílùú, ṣùgbọ́n kò lè sọ ọmọ onílẹ̀ di ọ̀jáfáfá. Ẹ̀kọ́ nìkan ni ó lè ṣe èyí. Ìyá kan ní Káírò yóò jó níbi ìgbéyàwó ọmọ rẹ̀ tayọ̀tayọ̀, ṣùgbọ́n ojú á tì í bí ọmọ náà bá sọ pé òun fẹ́ fi ijó ṣe iṣẹ́. Bí ó bá ń lọ bẹ́ẹ̀, a ń bẹ̀rù pé ọjọ́ kan yóò dé tí ọmọ Íjíbítì yóò ní láti lọ kọ́ ijó ìyá rẹ̀ lọ́wọ́ àlejò.

Kí ọjọ́ náà má baà dé, kí a dá ọ̀wọ̀ àtijọ́ padà fún iṣẹ́ àwọn obìnrin onímọ̀. Kí ẹni tí ó mọ̀ ọ́n fi sùúrù kọ́ni, kí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n fi ìrẹ̀lẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀, kí ẹni tí ó wà lókè sì máa padà wá wo ìpìlẹ̀ rẹ̀ lóòrèkóòrè. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.