Sọ́fítíwíà Wo La Máa Fi Gé Fídíò Drone Wa?

Ẹ̀yin akẹẹgbẹ́ mi, ẹ̀yin olùkọ́ wa, fídíò drone tá a yà níbi inter-house ṣì wà nílẹ̀ láìgé. Àwọn kan ní ká lọ ra ayédèrú sọ́fítíwíà. Èmi ò gbà o! Ṣé ẹ ti gbàgbé fáírọ́ọ̀sì tó bá irú ẹ̀ wọlé ní táàmù tó kọjá? Òun ló pa gbogbo fọ́tò ìdágbére àwọn sẹ́níọ̀ wa rẹ́.

Shotcut ni kẹ́ ẹ jẹ́ ká lò. Kò gba kọ́bọ̀, kì í sì í lẹ orúkọ ẹ̀ mọ́ fídíò. Lóòótọ́, 4K wúwo: 3840 lọ́nà 2160. Kọ̀ǹpútà wa á kàn dákú ni. Àmọ́ tá a bá tan Proxy, á ṣe ẹ̀dà kékeré tá a máa fi gé e. Ojúlówó ló máa lò tó bá ń gbé e jáde. Ìyẹn máa pẹ́. Ká gbé e sílẹ̀ mọ́jú, bí jẹnẹrétọ̀ bá gbà.