Àjèjì Ọwọ́ Kan: Ẹgbẹ́ Ọmọ Ìlú Nìkan Ò Tó Wa

Ẹ jẹ́ ká má tan ara wa jẹ. Ní Ṣómólú àti Bàrígà, ibòmíràn ni òbí tàbí òbí àgbà ọ̀pọ̀ nínú wa ti wá. Ìjẹ̀bú ń bẹ, Èkìtì ń bẹ, Igbo ń bẹ, Ìlàjẹ àti Ẹ̀gùn ń bẹ létí ọ̀sà. Kálukú ló ní ẹgbẹ́ ọmọ ìlú tiẹ̀. Wọ́n ń ṣe mítìn, wọ́n ń dá èsúsú, wọ́n ń ra aṣọ ẹgbẹ́, wọ́n ń sin òkú ara wọn. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ohun tí mo bá wá jà rèé: a ti sọ ẹgbẹ́ yẹn di ìlẹ̀kùn tá a tì mọ́ aládùúgbò lójú, a wá ń pe ìyẹn ní ìṣọ̀kan.

Ẹ wo Gánà. Kó tó di 1969, àwọn Yorùbá láti Ògbómọ̀ṣọ́, Ọ̀ffà àti ibòmíràn ti fìdí múlẹ̀ nínú ọjà ibẹ̀. Wọ́n ní ẹgbẹ́ ọmọ ìlú, wọ́n ní mọ́ṣáláṣí àti ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n mọ ara wọn bí ẹni mowó. Ní ọjọ́ 18 oṣù kọkànlá ọdún náà, ìjọba Busia pàṣẹ pé kí àlejò tí kò ní ìwé ìgbélùú wá a láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, tàbí kó kẹ́rù ẹ̀. Ẹgbẹ́ ò lè dá a dúró. Ní Uganda, ní 1972, àwọn ọmọ Íńdíà ní ilé ìwé tiwọn àti tẹ́ḿpìlì tiwọn, òwò ìlú sì pọ̀ lọ́wọ́ wọn. Idi Amin fún wọn ní 90 ọjọ́.

Busia àti Amin ló jẹ̀bi, kì í ṣe àwọn tí wọ́n lé. Àmọ́ ẹ̀kọ́ wà níbẹ̀. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá ń lé ẹ, ọmọ ìlú ẹ ò lè gbà ẹ́, torí wọ́n ń lé òun náà. Ẹni tí wọn ò lé ni ohùn ẹ̀ máa ń wúlò lọ́jọ́ yẹn. Ṣé o ti sọ ọ́ di ọ̀rẹ́ ṣáájú?

Ṣé àwa tí wọ́n lé yẹn kọ́gbọ́n? Ní oṣù kìíní 1983, ìjọba Nàìjíríà pàṣẹ kí àwọn àlejò tí kò níwèé máa lọ, nǹkan bíi mílíọ̀nù kan ará Gánà sì wà nínú wọn. Báàgì tí wọ́n fi kẹ́rù la ṣì ń pè ní Ghana Must Go, tá a fi ń rajà, tá à ń rẹ́rìn-ín. Ní 2024, àwọn kan tún gbé e sórí X (Twitter tẹ́lẹ̀) pé kí àwọn Igbo kúrò ní Èkó. Ọ̀rọ̀ kan náà ni, orúkọ ẹni tí wọ́n fẹ́ lé ló yí padà.

Ẹ̀gùn náà ńkọ́? Láàárín oṣù kọkànlá 2016 sí oṣù kẹrin 2017, wọ́n wó ilé àwọn Ẹ̀gùn Otodo-Gbame ní apá Lẹ́kì palẹ̀. Ní oṣù kẹfà 2017, ilé ẹjọ́ gíga Èkó dájọ́ pé lílé wọn bẹ́ẹ̀ lòdì sófin. Ìdájọ́ dé, ilé ti wó. Àwọn Ẹ̀gùn mìíràn wà ní Àgọ́ Ẹ̀gùn ní Bàrígà tiwa, nínú ilé pákó lórí omi. Ẹja wọn là ń jẹ. Bí irú ẹ̀ bá délẹ̀ lọ́la, ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wo nínú tiwa ló máa bá wọn dúró?

Ẹnì kan á ní: “Bí mo bá kú, ẹgbẹ́ ìlú mi ló máa sin mí, kì í ṣe ará ojúlé.” Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n bí iná bá sọ lóru, tàbí tí omi òjò ya wọlé, ọmọ ìlú ẹ tó ń gbé Ìkòròdú ò lè tètè dé. Ẹni tó wà ní yàrá kejì ló máa gbé ọmọ ẹ jáde.

Ẹ lọ sí àdúgbò àwọn atẹ̀wé ní Ṣómólú. Káàdì ìgbéyàwó kan ṣoṣo, ẹnì kan yà á lórí kọ̀ǹpútà, ẹlòmíràn ṣe pléètì, ẹlòmíràn tẹ̀ ẹ́, ẹlòmíràn gé e. Kò sẹ́ni tó ń bi wọ́n pé ọmọ ìlú wo ni ẹ́. Owó ti sọ wá di ọ̀kan ní ṣọ́ọ̀bù. Kí ló dé tá a tún fọ́ sí wẹ́wẹ́ tá a bá délé?

Àwọn àgbà ní àjèjì ọwọ́ kan kò gbẹ́rù dórí. Mi ò ní ká tú ẹgbẹ́ ká. Mo ní kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan mọ ẹgbẹ́ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, kí wọ́n jọ jókòó lórí ọ̀rọ̀ gọ́tà, iná àti ilé tí wọ́n fẹ́ wó. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, iṣẹ́ tiyín le ju ìyẹn lọ. Tí ẹnì kan bá sọ nínú WhatsApp ẹgbẹ́ yín pé kí “àwọn yẹn” máa lọ, ẹ má kàn fi ẹ̀rín ránṣẹ́. Ẹ dá a lóhùn níbẹ̀, lójú gbogbo ẹgbẹ́, kódà tó bá jẹ́ ẹ̀gbọ́n yín ló sọ ọ́. Ẹ kí i tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, kẹ́ ẹ sì sọ fún un pé kò dáa.