Fíìmù Àtijọ́ ní Ọwọ́ John Akomfrah

Iṣẹ́ John Akomfrah ni mo fẹ́ kí a gbé yẹ̀ wò. Ìlú Accra ni wọ́n ti bí i ní 1957, Lọ́ńdọ̀nù ni ó dàgbà sí. Iṣẹ́ rẹ̀ ni pé kí ó kó fíìmù tí ẹlòmíràn ti yà jáde láti ilé ìpamọ́, kí ó sì tún un tò. Àwọn kan ń pe èyí ní iṣẹ́ ọ̀lẹ. N kò gbà.

Ní 1982, òun àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dá Black Audio Film Collective sílẹ̀. Nígbà tí rògbòdìyàn bẹ́ sílẹ̀ ní Handsworth, ní ìlú Birmingham, ní 1985, bí oníjàgídíjàgan ni tẹlifíṣọ̀n ṣe ń fi àwọn adúláwọ̀ ibẹ̀ hàn. Akomfrah wá àwòrán àwọn òbí wọn rí: bí wọ́n ti ń sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú omi, tòun ti kóòtù àti fìlà, bí wọ́n ti ń jó, bí wọ́n ti ń ṣiṣẹ́. Ó to ìwọ̀nyí mọ́ àwòrán iná àti ọlọ́pàá, ó sì di Handsworth Songs ní 1986.

Kò dùn mọ́ Salman Rushdie nínú. Ní 1987, ó kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn Guardian pé fíìmù náà kò jẹ́ kí a gbọ́ ìtàn àwọn ará Handsworth fúnra wọn. Stuart Hall fèsì níbẹ̀ kan náà pé èdè tuntun ni àwọn ọ̀dọ́ náà ń wá. Ọ̀rọ̀ Rushdie kì í ṣe irọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn Hall ni mo wà. Bí ó bá jẹ́ èdè èébú nìkan ni wọ́n fi ń pe ènìyàn, báwo ni yóò ṣe fi í ki oríkì ara rẹ̀? Àfi kí ó kọ́kọ́ tú u palẹ̀.

Ní 2013, ohùn àti àwòrán Hall fúnra rẹ̀, láti inú ètò rédíò àti tẹlifíṣọ̀n ọ̀pọ̀ ọdún, ni Akomfrah fi ṣe The Stuart Hall Project, pẹ̀lú orin Miles Davis. Hall kú ní 2014. Ní 2023, Akomfrah gba oyè Sà (ẹ ò rí nǹkan!), ní 2024, òun ni ó ṣojú Bìrìtéènì ní Venice.

Colonial Film Unit, tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì dá sílẹ̀ ní 1939, ya fíìmù ní Nàìjíríà pẹ̀lú. Mo fẹ́ kí ọmọ Yorùbá kan tí ó gbọ́ èdè dáadáa, tí ó mọ ilà ojú àti aṣọ, jókòó tì wọ́n ní ilé ìpamọ́, kí ó sì sọ ohun tí ó rí fún wa.