Ẹrù Orí Afárá

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní atàrí àjànàkú kì í ṣe ẹrù ọmọdé. Mo fẹ́ fi kún un pé kì í ṣe ẹrù afárá arúgbó pẹ̀lú. Bí afárá bá ti darúgbó, ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń sọ ni pé, "Ẹ wó o, kí ẹ kọ́ òmíràn." Èmi kò fara mọ́ ọn.

Ẹ jẹ́ kí a wo afárá onírin kan ní Wellsburg, ní ìpínlẹ̀ New York ní Amẹ́ríkà, tí wọ́n kọ́ ní 1940. Iyọ̀ tí wọ́n ń dà sójú títì nígbà yìnyín mú kí irin rẹ̀ dípẹtà. Wọ́n sì ń tẹ́ ọ̀dà lé ọ̀dà lórí kọnkéré rẹ̀, títí ó fi di pé ọkọ̀ tí ó wúwo ju 14 tọ́ọ̀nù lọ kò gbọdọ̀ gbà á kọjá. Ẹrù ara rẹ̀ ni ó ń jẹ agbára tí ì bá fi gbé ọkọ̀.

Ní 1999, wọ́n hú kọnkéré náà, wọ́n sì fi pátákó tí a fi fọ́nrán dígí àti oje rẹ́síìnì ṣe rọ́pò rẹ̀. Fọ́nrán ni ó ń fún un lágbára, oje ni ó dì í pọ̀. Iyọ̀ kò sì lè mú un dípẹtà. Ìwọ̀n 265 tọ́ọ̀nù ni ó kúrò lórí irin àtijọ́ yẹn, òfin 14 tọ́ọ̀nù sì kásẹ̀ nílẹ̀.

Àwọn kan yóò ní pátákó yìí wọ́n ju kọnkéré lọ. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n owó afárá tuntun ni ó yẹ kí a fi wé e. Àwọn mìíràn yóò nawọ́ sí afárá Morrison ní Portland, ní ìpínlẹ̀ Oregon. Wọ́n tẹ́ irú pátákó bẹ́ẹ̀ sí i ní 2012. Kò pẹ́ tí àwọn nọ́ọ̀tì rẹ̀ fi ń tú, tí pátákó fi ń sán. Ní 2017 wọ́n hú u, wọ́n fi irin rọ́pò rẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí wúwo ju ti owó lọ, kò sì yẹ kí a fojú fò ó. Ohun tí mo rí kọ́ níbẹ̀ ni pé ojú ìsopọ̀ ni kí a máa ṣọ́.

Nítorí náà, kí a lò ó níbi tí egungun afárá bá ṣì le. Kí a dán ìsopọ̀ rẹ̀ wò dáadáa kí ọkọ̀ tó gùn ún. Kí a sì máa yẹ̀ ẹ́ wò déédéé. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ mi tí ẹ ń kọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ, lọ́jọ́ tí ẹ bá débi tí wọ́n ti fẹ́ wó afárá arúgbó, ẹ kọ́kọ́ bi wọ́n léèrè: ṣé ẹsẹ̀ rẹ̀ ni kò gbé e mọ́, àbí ẹrù orí rẹ̀ ni ó pọ̀ jù?