Sáà Ìdíje Ni Àwọn Akẹ́kọ̀ọ́ Èkìtì Nílò, Kì í Ṣe Àjọ̀dún Ọlọ́sẹ̀ Méjì

Nígbà tí òjò bá ń palẹ̀ mọ́ ní Adó-Èkìtì nínú oṣù kẹwàá, ìgbà náà ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ní Amẹ́ríkà máa ń wọ bàtà abirin-nídìí, tí wọ́n á sì bọ́ sórí omi dídì láti bẹ̀rẹ̀ sáà họ́kì tuntun. Igi kọ́lọ́kọ́lọ́ ni wọ́n fi ń gbá rọ́bà pẹlẹbẹ kan kiri lórí yìnyín náà. Eré yìí jìnnà sí wa, kò sì sí ẹni tó ń retí pé kí Èkìtì kọ́ pápá omi dídì. Síbẹ̀, ohun kan wà nínú ètò rẹ̀ tó yẹ kí àwọn tó ń bójú tó eré ìdárayá nílé ẹ̀kọ́ gíga wa gbé yẹ̀ wò dáadáa: sáà wọn ní ìbẹ̀rẹ̀, ó ní àárín, ó sì ní òpin. Tiwa kò ní.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo bí ètò náà ṣe rí. Láti oṣù kẹwàá títí di oṣù kẹrin ọdún tó tẹ̀ lé e ni wọ́n fi ń gbá a. Ẹgbẹ́ mẹ́rìndínlógún péré ló ń wọ ìdíje àṣekágbá. Líìgì mẹ́fà ló wà, ẹni tó bá gba ife ẹ̀yẹ líìgì kọ̀ọ̀kan ti wọlé nìyẹn. Ìṣirò èsì gbogbo sáà ni wọ́n fi ń yan àwọn mẹ́wàá tó kù. Nínú ìṣirò yìí, èsì oṣù kẹwàá kò kéré sí ti oṣù kejì. Ẹgbẹ́ tó bá fi ọ̀lẹ bẹ̀rẹ̀ lè máa wá ohun tó sọnù náà títí sáà yóò fi parí.

Ọgbọ́n kan tún wà níbẹ̀. Ìbẹ̀rẹ̀ sáà ni ẹgbẹ́ líìgì kan sábà máa ń pàdé ẹgbẹ́ líìgì mìíràn. Tó bá yá, kálukú á padà sáàárín àwọn ará ilé rẹ̀. Nítorí náà, àwọn ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ àkọ́kọ́ wọ̀nyẹn ni wọ́n fi ń mọ̀ bóyá líìgì kan lágbára ju èkejì lọ. Àwọn àgbà wa ti sọ ọ́ tipẹ́ pé ọmọ tí kò dé oko baba ẹlòmíràn rí ni í sọ pé kò sí oko tó tó ti baba òun. Nígbà tí Western Michigan gba ife ẹ̀yẹ yìí fún ìgbà àkọ́kọ́ nínú ìtàn rẹ̀ ní oṣù kẹrin ọdún 2025, tó na Boston University ní 6-2, ẹnikẹ́ni kò lè pè é ní orí rere ọjọ́ kan. Ọ̀pọ̀ oṣù ni wọ́n ti fi ń dán wọn wò.

Ní tiwa ńkọ́? Ìdíje NUGA ni àgbà nínú eré ìdárayá àwọn yunifásítì Nàìjíríà. Ìbàdàn ni wọ́n ti kọ́kọ́ ṣe é ní ọdún 1966. Ọdún méjì-méjì ni wọ́n ní kó máa wáyé, ṣùgbọ́n ẹ wo bó ti rí: Ilé-Ifẹ̀ gbà á lálejò ní 2014, Port Harcourt ní 2018, Yunifásítì Èkó ní oṣù kẹta ọdún 2022. Ọdún mẹ́rin-mẹ́rin nìyẹn. Akẹ́kọ̀ọ́ tó wọlé lẹ́yìn ti Port Harcourt, tó sì ka ìwé ọlọ́dún mẹ́ta lásìkò, lè gboyè jáde láìfojú kan NUGA kankan. Àrùn kòrónà wà lára ohun tó fa ìdádúró ti Èkó. Nígbà tí wọ́n sì wá ṣe é tán, ASUU ti bẹ̀rẹ̀ ìyanṣẹ́lódì olóṣù mẹ́jọ, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń du àmì ẹ̀yẹ nígbà tí yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ wà ní títì.

Àjọ̀dún ni NUGA, àjọ̀dún sì dára. Ṣùgbọ́n ìdíje tí kò ju nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì lọ kò lè fi hàn wá pé ẹgbẹ́ kan ń tẹ̀ síwájú tàbí ó ń rẹ̀yìn. Olùkọ́ni kò ní àyè láti rí àṣìṣe ọ̀sẹ̀ yìí kó sì tún un ṣe ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Bí agbábọ́ọ̀lù bá farapa ní ọjọ́ kejì, ọdún rẹ̀ ti parí nìyẹn. Líìgì bọ́ọ̀lù HiFL tó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2018 ti ṣe dáadáa, nítorí ó jẹ́ kí àwọn yunifásítì máa gba àlejò nílé kí wọ́n sì máa lọ síta. Síbẹ̀, ìdíje àyọkúrò ni ó jẹ́ fún ọ̀pọ̀ nínú wọn: ẹni tí wọ́n bá nà ní ìbẹ̀rẹ̀ á di ẹrù rẹ̀, á sì máa lọ sílé.

Ẹ wá wo àárín gbùngbùn Èkìtì. Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkìtì wà lójú ọ̀nà Ìwòrókò. Ẹni tó bá gba ọ̀nà yẹn kọjá Ìfàkì á dé Ọ̀yẹ́, níbi tí yunifásítì ìjọba àpapọ̀ wà láti ọdún 2011. Bí a bá gba apá Àkúrẹ́ jáde ní Adó, a ó bá Yunifásítì Bámidélé Olúmilúà ní Ìkẹ́rẹ́. Lójú ọ̀nà Ìjàn, Yunifásítì Afẹ́ Babalọlá àti Pólì ìjọba àpapọ̀ dojú kọ ara wọn, títì kan ṣoṣo ló wà láàárín wọn. Ṣùgbọ́n nínú ìdíje gbogbo orílẹ̀-èdè, àwọn aládùúgbò méjèèjì yìí kì í pàdé: NIPOGA ni ti àwọn pólì, NUGA sì ni ti àwọn yunifásítì. Wọ́n ń gbọ́ ariwo pápá ara wọn, wọn kò sì mọ agbára ara wọn.

Bí àwọn ilé ẹ̀kọ́ márùn-ún yìí bá gbá líìgì bọ́ọ̀lù láàárín ara wọn, nílé àti lóde, ogún ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ ni yóò jẹ́ lápapọ̀. Mẹ́jọ ni yóò kan ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá ni yóò gbà bí wọ́n bá ń lo ọjọ́ Sátidé nìkan. Ẹgbẹ́ kankan kò ní sùn síta, bọ́ọ̀sì á gbé wọn lọ ní òwúrọ̀, á sì gbé wọn padà kí ilẹ̀ tó ṣú. Kí a tó dé ìdajì, gbogbo wa á ti mọ ẹni tó gbára dì ní ìgbà ìsinmi àti ẹni tó sùn.

Àwọn kan á ní kò sí owó. Òótọ́ ni pé owó ṣòro, àmọ́ kíkó ọ̀pọ̀ eléré lọ sí ìlú òkèèrè, kí a máa bọ́ wọn kí a sì máa wá ibùsùn fún wọn, ń ná ni lówó ju epo bọ́ọ̀sì Adó sí Ìkẹ́rẹ́ lọ. Àwọn mìíràn á ní ìyanṣẹ́lódì yóò dà á rú, nítorí kàlẹ́ńdà ilé ẹ̀kọ́ ìjọba kò bá ti aládàáni mu. Èyí le ju ti owó lọ. Ṣùgbọ́n líìgì tó dúró ní ọ̀sẹ̀ kẹrin lè tẹ̀ síwájú láti ọ̀sẹ̀ karùn-ún, kò sí èsì tó sọnù. Àjọ̀dún tí wọ́n bá sún síwájú ti kọjá lórí àwọn tó ń gboyè jáde lọ́dún náà.

Ohun tó wà nínú ọ̀rọ̀ yìí ju ìdùnnú ọjọ́ Sátidé lọ. Pápá ìṣeré ńlá Adó-Èkìtì ń jẹ́ orúkọ Olúyẹmí Káyọ̀dé, ọ̀kan nínú àwọn sárésáré Nàìjíríà tó gba àmì ẹ̀yẹ fàdákà nínú eré ìdíje 4x100 mítà ní Barcelona lọ́dún 1992, kí ìjàǹbá ọkọ̀ tó gba ẹ̀mí rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní 1994. Olapade Adeniken tó sáré pẹ̀lú rẹ̀ lọ́jọ́ náà jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì Texas ní El Paso, níbi tí ìdíje ti ń tẹ̀ lé ìdíje láti ìbẹ̀rẹ̀ sáà dé òpin. Ẹ̀bùn ti wà lára àwọn ọmọ wa kí wọ́n tó wọkọ̀ òfuurufú. Sáà tó ń pọ́n ẹ̀bùn náà ni òkè-òkun fi jù wá lọ.

Kì í ṣe gbogbo ọmọ ni yóò rí ọ̀nà lọ sí El Paso. Ọ̀pọ̀ wọn, Ìwòrókò, Ọ̀yẹ́ àti Ìkẹ́rẹ́ ni wọn yóò ti lo ọdún mẹ́rin tí ara wọn le jù lọ. Àwọn olùdarí eré ìdárayá ní ilé ẹ̀kọ́ márààrún kò nílò àṣẹ Àbújá kí wọ́n tó jókòó sórí tábìlì kan, kí wọ́n mú kàlẹ́ńdà wọn jáde, kí wọ́n sì fa ìlà sí Sátidé mẹ́wàá tó bá gbogbo wọn lára mu. Kí wọ́n fi bọ́ọ̀lù bẹ̀rẹ̀, lọ́kùnrin lóbìnrin. Kí wọ́n máa lẹ èsì mọ́ ẹnu géètì ilé ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan ní gbogbo ọjọ́ Ajé, kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lè rí ibi tí ẹgbẹ́ wọn wà. Nígbà náà ni ìbéèrè pé báwo ni sáà ṣe bẹ̀rẹ̀ yóò tó ní ìdáhùn ní Èkìtì.